Bí A Ṣe Gbé Ọkọ̀ Màmá Dé Chester

                                                  Inú Ọkọ̀ Ada May,
                                                  Lábẹ́ Odi Ìlú,
                                                  Chester.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Avis,

Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Cedric ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Bryony ọmọ wa ńkọ́, ṣé iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, àbí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń dá a lágara? Ṣé òjò kò yọ yín lẹ́nu ní Norwich bó ṣe ń yọ wá lẹ́nu níbí? Ara tèmi le, àyàfi apá ọ̀tún mi tó ń ro mí gidigidi, ìdí rẹ̀ yóò sì yé ẹ bí o bá ń kà á lọ. Wilf ní kí n kí ẹ. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń bó ọ̀dùnkún, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ohun tí mò ń kọ kò kan òun.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà kí a tó gbéra. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò dá ẹ lóhùn lójú ẹsẹ̀ nítorí pé inú bí mi, o sì mọ irú lẹ́tà tí mo máa ń kọ bí inú bá ń bí mi. O ní Wilf ọkọ mi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. O ní kò tún sí ẹlòmíràn nínú wa tó lè tu ọkọ̀ náà, àti pé ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì kò gbọdọ̀ di ohun tí yóò pa ẹnì kan. O ní Ọ̀gbẹ́ni Tapley ti Nantwich fẹ́ rà á kí òtútù tó wọlé, pé kí n fọwọ́ sí ìwé tí o fi sínú àpò lẹ́tà kí n sì dá a padà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá lo wá kọ ọ́ pé kí n wo Wilf dáadáa nínú ìrìn àjò yìí, kí n sì sọ òtítọ́ ohun tí mo bá rí fún ẹ. Ó dára. Òtítọ́ náà nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ ọ́.

Láti ọdún tí a sin Bàbá ni o kò ti wọ ọkọ̀ náà mọ́, nítorí náà jẹ́ kí n rán ẹ létí bí a ti ń ṣe é. Wilf ló máa ń dúró ní ìdí ọkọ̀, òun ló ń di ọ̀pá ìtukọ̀ mú. Èmi ni mo máa ń fò sílẹ̀ tí a bá dé ibi ilẹ̀kùn omi. Èmi ni mo ń fi ẹ̀yìn ti àwọn ilẹ̀kùn onígi ràbàtà wọ̀nyẹn, tí mo ń fi irin ìyí ṣí omi, tí mo sì tún ń fi í pa omi dé, kí omi inú kòtò olókùúta tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì lè fà kí ọkọ̀ sì bá a sọ̀ kalẹ̀ sí odò ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo tọkọtaya tó wà lórí odò àfọwọ́gbẹ́ yìí ń ṣe. Ọkùnrin á dúró bí ọba pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, obìnrin á máa làágùn nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wá bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ọkọ̀ yìí lọ bá a bọ̀, n kò di ọ̀pá ìtukọ̀ yẹn mú rí, àfi ìgbà tí Wilf bá fẹ́ lọ tọ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè tí í ṣe ọjọ́ ọjà, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ni a kúrò ní Market Drayton. Mo ra kéèkì alátalẹ̀ méjì, a sì mú ìgò wáìnì kan tí a ó máa ki kéèkì náà bọ̀. Ojú ọjọ́ mọ́. Kò pẹ́ tí a kúrò níbẹ̀, kí a tó dé Adderley, tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fi gbá afárá òkúta, tó ha á láti iwájú dé àárín. Wilf ní atẹ́gùn ni. Mo wo àwọn igi tó wà létí odò, ewé kan kò mì lórí wọn. Ta ni kò gbá afárá rí?

Ní Audlem, níbi tí ilẹ̀kùn omi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tẹ̀ lé ara wọn, èmi àti obìnrin kan láti inú ọkọ̀ tó ń gòkè bọ̀ jọ ń ti ilẹ̀kùn kan náà. Ara rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ló wí. "Ẹ wo àwọn ọba wa nídìí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe dúró."

"Tèmi ti mu ife tíì mẹ́rin láti àárọ̀," mo dá a lóhùn.

"Kò burú fún un! Tèmi béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń rẹ̀ mí."

"Mò ń gbọ́ yín o!" Wilf pariwo láti inú kòtò. "Ẹ̀yin ẹ máa fi apá ṣiṣẹ́, orí là ń lò níbí!"

"Ṣé orí yẹn náà lo fi kan afárá ní Adderley?" ni mo bi í. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Wilf náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tètè yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítòsí Hack Green. O mọ̀ pé tí a bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ńṣe là ń rọra lọ bí ẹni tó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìgbì má baà fa okùn wọn já. O sì mọ Wilf lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó sáré kọjá lára wa rí tí kò gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, Wilf sì gbá kọjá lára wọn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin kan yọ orí síta nínú èyí tó kẹ́yìn, gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló tutù.

"Bàbá, ṣé ilé yín ló ń jó ni?" ló pariwo. "Gbogbo tíì mi ló wà lára mi yìí! Àgbàlagbà bíi tiyín!"

Mo retí kí Wilf tọrọ àforíjì tàbí kí ó bú u padà. Kò ṣe ọ̀kankan. Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ̀ mélòó ni?" Mo ní mẹ́ta ni. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo rí wọn." Avis, n kò tíì gbọ́ kí ọkọ mi purọ́ fún mi báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ní Nantwich, a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a wọ ìlú lọ. Àwọn ilé onígi dúdú funfun yẹn ṣì fẹ̀yìn ti ara wọn bí àwọn ọ̀mùtí tó ń ti ọjà bọ̀. A jẹun nílé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Wilf kò wo ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí rárá. Ó kàn gbé ojú sókè sí ọmọbìnrin tó wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ó bi í pé, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni ebi ń pa, kí lo máa jẹ?" Ọmọ náà ní òun á jẹ páì ẹran. Wilf ní kó gbé páì náà wá fún òun. Inú ọmọ náà dùn, ó rò pé bàbá náà ní ọ̀yàyà ni. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń rántí pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe ní gbogbo ilé oúnjẹ láti ìgbà Àjíǹde.

Ọ̀gbẹ́ni Tapley wá wo ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìwọ àti òun ti ṣe àdéhùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbá ara ọkọ̀ wò, ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó yin Wilf fún bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Wilf ló mú un káàkiri, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí gbogbo ìṣó tó wà níbẹ̀ láìwò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Tapley ní òun á kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé, òun á sì fún un ní orúkọ mìíràn nítorí pé Ada May ti jẹ mọ́ ayé àtijọ́ jù fún àwọn tó ń yá ọkọ̀ fi ṣe ìsinmi. Mo ní, "Orúkọ ìyá mi ni." Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Kò kúkú mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé tíì tí mo ti bù fún un lé e lọ́wọ́ mọ́, ńṣe ni mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

A kúrò ní Nantwich. Bí a ti ń lọ, Wilf ń pe nọ́ńbà àwọn afárá kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé bóyá mo kàn ń kó ìbẹ̀rù jọ lásán ni. Ẹ̀yìn náà ni mo wá rò ó pé ẹni tó bá ti gba ọ̀nà kan fún ogún ọdún kò nílò ojú láti mọ nọ́ńbà afárá.

A dé Beeston ní bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Ilẹ̀kùn omi tí wọ́n fi òkúta mọ ni, èyí tí o ti máa ń rí ilé ìṣọ́ àtijọ́ lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Omi kún inú kòtò dé òkè, Wilf tu ọkọ̀ wọlé, mo ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn rẹ̀. O rántí pèpéle òkúta tó máa ń wà lábẹ́ omi, nídìí ilẹ̀kùn òkè? Tí omi bá fà, ó máa ń yọ síta, ìdí ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n fa ìlà funfun sára ògiri fún atukọ̀ láti mọ ibi tó mọ. Mo lọ sí ìsàlẹ̀, mo fi irin ìyí mi kọ́ ibi tí a ti ń ṣí omi, mo yíjú padà wo Wilf.

Òfin kan tí Bàbá fi kọ́ wa ni pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí omi àfi tí atukọ̀ bá gbé ọwọ́ sókè. Tó bá sì ti gbé ọwọ́ sókè, ọ̀rọ̀ parí, a kì í bi í léèrè. Gbogbo àwa tí a wà lórí odò ló ń pa á mọ́. Wilf gbé ọwọ́ sókè.

Avis, mo rí ìlà funfun náà. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i kedere pé iwájú ìdí ọkọ̀ ló wà, kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo sì ti ń ṣọ́ ọkùnrin yìí fún ọjọ́ mẹ́rin, mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò dá mọ́. Síbẹ̀ ọwọ́ ti wà lókè, ọwọ́ tèmi náà sì yí irin. Mo ṣí omi.

Omi fà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ tí irin ń ha òkúta, iwájú ọkọ̀ ń bá omi lọ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò lọ. Mo gbọ́ tí gbogbo abọ́ àti ife inú ọkọ̀ ń yí lọ síwájú, tí wọ́n ń fọ́. Wilf fi apá méjèèjì gbá irin ẹnu ọ̀nà mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ̀. Kò pariwo. Ó ń wo ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi gan-an ló ń wò.

Mo pa omi dé. N kò mọ bí mo ṣe sáré láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí kò sáré mú bọ́ọ̀sì mọ́. Mo ṣí omi ti òkè díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ pé, "Jọ̀wọ́, jọ̀wọ́," n kò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ mì tìtì, ó já bọ́ kúrò lórí pèpéle, ó sì léfòó padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn lọ́nà ẹ̀gbẹ́ odò dúró, ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà o, Màmá?" Mo ní kò sí, mo ní ojú ọjọ́ mà dára lónìí. Ó gbà pé ó dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Irú ènìyàn tí a jẹ́ nìyẹn.

A so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, a jókòó sínú ilé pẹ̀lú àfọ́kù abọ́ Màmá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo bu tíì sínú ife kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, a jọ ń mu ún. Wilf ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àárín ló lọ," ló wí. "Mò ń rí etí etí. Mò ń rí ògiri, mò ń rí igi. Ohun tí mo bá dojú kọ gan-an ni mi ò rí. Tí mo bá wò ẹ́ báyìí, mi ò rí ojú ẹ."

"Láti ìgbà wo?"

"Dókítà sọ fún mi ní oṣù Kejì. Ó ní kò ní sàn."

"Oṣù Kejì! Wilf, oṣù méje! O jẹ́ kí n máa ṣí omi fún ẹni tí kò ríran?"

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ lẹ máa tà á," ló wí. "Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe nílé? Kí n máa gbọ́ rédíò?"

Mo bínú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Mo sunkún pẹ̀lú, nítorí pé mo ti rí i nínú ọkàn mi pé ó já sínú kòtò yẹn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun ń lọ síbi tẹlifóònù tó wà lójú títì, òun fẹ́ pe Tapley pé a ti gbà kó ra ọkọ̀ náà, òun sì fẹ́ pe ẹ láti sọ pé ìwọ lo jàre.

"Ta ló máa gbé ọkọ̀ padà sí Nantwich fún un?" ni mo bi í.

Ó tún jókòó.

"Èmi ń lọ sí Chester," mo wí. "Ibẹ̀ ni mo sọ pé mò ń lọ kí n tó kúrò nílé. Gba irin yìí."

"Irin kẹ̀?"

"Irin ni. O ṣáà ń rí ògiri, o sì ń rí igi. Ilẹ̀kùn omi kò ju ògiri àti igi lọ. Bọ́ sílẹ̀, kí o lọ làágùn tìẹ."

Ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́, báyìí ló ń wo nǹkan nísinsìnyí, bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo. Ó ní, "O ò wa ọkọ̀ rí, Doreen." Mo ní, "Ṣé o fún mi wà rí ni?" Ó gba irin náà.

Àbúrò mi, jẹ́ kí n má purọ́ fún ẹ, mo wa ọkọ̀ náà bí òmùgọ̀. Tí o bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, òsì lò ń ti ọ̀pá sí, ara mi kò sì gbà á. Mo wọ inú koríko etí odò lẹ́ẹ̀kan, mo jáde, mo tún wọ inú ti òdìkejì. Àwọn màlúù tó ń jẹko kóra jọ wá wò mí. Wilf dúró síwájú, ó ń pariwo, "Tì í kúrò níbi tí o fẹ́ lọ! Kúrò!" Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ dúró dè wá, ọkùnrin inú rẹ̀ sì ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ Màmá kí ẹ̀mí wa lè dè?" Wilf ní, "Àwọn ni ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ rọra kọjá o." N kò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀kùn omi tó tẹ̀ lé e ni wàhálà mìíràn yọjú. Mo tu ọkọ̀ wọlé, mo wo ìlà funfun, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ọwọ́ sókè. Wilf dúró ti irin rẹ̀ nísàlẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo ju ọwọ́ síwájú sẹ́yìn. Kò mì. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kò rí mi. Mo la ẹnu, mo kígbe pé, "Ṣí i!" Ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

"Ìlà ńkọ́?" Wilf kígbe padà.

"Ó wà lẹ́yìn mi!"

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Ó tó gígùn ẹṣin kan!"

Ìgbà yẹn ló ṣí i. Nígbà tí mo jáde sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀ pé o ní ohùn." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní gbogbo èyí tó kù. Ó ń bi mí, mo ń dá a lóhùn, kí ó tó ṣí omi. Òfin Bàbá kò gba ìbéèrè, ṣùgbọ́n òfin Bàbá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ mi. Bí a bá ti ń bi ara wa léèrè tẹ́lẹ̀, èmi ì bá ti sọ fún un pé ó wà lẹ́yìn ìlà, òun náà ì bá sì ti jẹ́wọ́ fún mi.

Ó gbà wá ní bí ọjọ́ márùn-ún láti Beeston, ṣùgbọ́n mo wakọ̀ wọ Chester ní ọ̀sán Sátidé. Odò gba inú àpáta tí wọ́n là ní ìdí odi ìlú, odi ga lórí wa, àwọn ènìyàn tó ń rìn lórí rẹ̀ ń ju ọwọ́ sí mi. Gbogbo ìgbà tí a ti ń wá síbí, èmi kì í rí odi yẹn. Mo máa ń wà nínú ọkọ̀, mo máa ń wá irin mi, tàbí kí n máa sè oúnjẹ. Mo gbá etí odò bí mo ti ń gúnlẹ̀, kò burú jù, àlùbọ́sà nìkan ló já bọ́. Wilf gbá irin okùn mọ́lẹ̀, ó so ọkọ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ okùn náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní, "A ti dé." Láná a rìn káàkiri àwọn ilé ìtajà olókè méjì tó wà láàárín ìlú, ó di apá mi mú, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì fún un. Kò díbọ́n mọ́. Ó ń sùn dáadáa. N kò mọ̀ pé kì í sùn tẹ́lẹ̀ àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Òtítọ́ tí o ní kí n sọ náà nìyẹn. O jàre nípa Wilf, kò gbọdọ̀ di ọ̀pá yẹn mú mọ́, òun náà sì ti gbà. Ṣùgbọ́n o ní kò sí ẹlòmíràn nínú wa tó lè tu ọkọ̀ náà. Níbẹ̀ lo ti ṣì í. N kò ní fọwọ́ sí ìwé Ọ̀gbẹ́ni Tapley, mo ti fi dá iná ní àárọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ìdajì ọkọ̀ náà jẹ́ tìrẹ, n kò lè fi ipá mú ẹ. Wá ní oṣù Karùn-ún. Wá jókòó tì mí nídìí ọkọ̀ láti Market Drayton dé Nantwich, ṣáà mú aṣọ òjò dání. Tí ẹ̀rù bá bà ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mú ìwé mìíràn wá, màá fọwọ́ sí i lójú ẹ, mi ò sì ní yan ẹ lódì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o má ṣe. Má dá Wilf lẹ́bi nítorí Beeston. Kò rí ìlà náà. Èmi rí i, mo sì ṣí omi. Ẹ̀bi mi ni, mo sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Cedric, kí o sọ fún un pé kó yé fi orúnkún yẹn gun àkàbà. Fi ẹnu ko Bryony lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, sọ fún un pé mo ní kéèkì alátalẹ̀ kan níbí tí kò tíì gbẹ. Kí àwọn aládùúgbò rẹ tó máa ń fi ẹyin ránṣẹ́. Wilf ti bó ọ̀dùnkún tán, ó ní òun náà fẹ́ kọ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí, má bínú bí ìlà rẹ̀ bá gun ara wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí apá ń ro,

Doreen.

Àbúrò mi Avis, Wilf nìyí. Mi ò rí ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ kọ sókè. Ó kà á sí mi létí, àmọ́ ó sáré ka ìparí rẹ̀, mo rò pé ó fo ibì kan. Tó bá sọ fún ẹ pé òun ló fa ti Beeston, má gbà á gbọ́. Èmi ni mo gbé ọwọ́ sókè.